Ìyá Àgbà Ní Àwọn Ò Tíì Fẹ́ Padà Wá

Ìyá Àgbà mi kì í gba ìkòkò lọ́wọ́ amọ̀kòkò láì kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n á fi oríkèé ìka kan ìdí rẹ̀, wọ́n á kan ikùn rẹ̀, wọ́n á kan etí rẹ̀, wọ́n á wá tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń gbọ́ òfófó. Bí ìkòkò náà bá dún gbọnrangandan, wọ́n á gbé e sápá ọ̀tún. Bó bá dún pàkà, á jẹ́ pé ó ti sán níbì kan tí ojú ò tíì rí. Wọ́n á dá a padà tẹ̀rín-tẹ̀rín, wọ́n á sì bi amọ̀kòkò pé, "Ta lo bá jà lọ́jọ́ tí o mọ èyí?"

Ohun tí wọ́n tà ní Ọjà'ba nìyẹn títí ẹsẹ̀ wọn fi kọ̀: ìkòkò omi, ìṣaasùn ọbẹ̀, àwo amọ̀. Ṣùgbọ́n ní agbo ilé wa lẹ́yìn Màpó, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀, iṣẹ́ mìíràn ni gbogbo èèyàn mọ̀ mọ́ wọn. Ìyá Àgbà máa ń kan orúkọ ọmọ. Kò sí ọmọ kan tí wọ́n bí sílé wa tí kò yẹ kí orúkọ rẹ̀ gba ọwọ́ wọn kọjá kí Ààfáà tó gbọ́ ọ.

Wọ́n ti lọ báyìí. Oṣù mẹ́rin rèé. Mo ní ìwé olójú-ewé ọgọ́ta kan tí mo ń kọ àwọn òfin wọn sí láti ìgbà tí mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, nítorí mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ orúkọ bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ṣe fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Mi ò ní da gbogbo rẹ̀ kọ síbí. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni irú ẹni tí wọ́n jẹ́, àti bó ṣe ku díẹ̀ kí n rú òfin wọn tó tóbi jù, lórí ọmọ tèmi, nígbà tí ilẹ̀ ibojì wọn ò tíì gbẹ.

Ìpè mẹ́ta ni orúkọ gbọ́dọ̀ là kọjá. Ìyá Àgbà á dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, lókè, wọ́n á ní kí ẹnì kan lọ dúró sídìí kànga nísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ mọ́kànlélọ́gọ́ta ló wà láàárín ibi méjèèjì. Bàbá mi máa ń sọ pé ọgọ́ta ni, ṣùgbọ́n mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Wọ́n á kọ́kọ́ pe orúkọ náà jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń jí ọmọ lójú oorun. Wọ́n á tún un pè bí ẹni tó fẹ́ rán ọmọ níṣẹ́. Wọ́n á wá pè é tìbínú-tìbínú, bí ẹni tí ọmọ fọ́ àwo rẹ̀. Bí ẹni tó wà ní kànga bá gbọ́ ọ ketekete, á dáhùn pé, "Ó dún!" Bí kò bá gbọ́, orúkọ ti sán nìyẹn.

Ìpè kẹrin tún wà, ìyẹn kì í ṣe ti ọmọ rárá. Wọ́n á fi "Ìyá" síwájú orúkọ náà, wọ́n á fi pe ìyá ọmọ, nítorí orúkọ àkọ́bí ni gbogbo àdúgbò á máa fi pe ìyá rẹ̀ títí á fi darúgbó. Ìpè yìí ló kó bá ìyàwó Rájì. Rájì ni ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ìyàwó rẹ̀ bí àkọ́bí, ó ní Ọlọ́hunfayọ̀kúnlémi ni ọmọ òun máa jẹ́, àti pé kò sí ẹni tó máa gé e kúrú. Ìyá Àgbà ò bá a jiyàn. Wọ́n rọra gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, wọ́n sì kígbe pé, "Ìyá Ọlọ́hunfayọ̀kúnlémi! Ìyá Ọlọ́hunfayọ̀kúnlémi, wá sọ ìrẹsì kalẹ̀!" Wọ́n jókòó, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n ní ká bu omi wá. Wọ́n mu omi náà tán kí wọ́n tó yíjú sí i.

"Ìyàwó, kí n tó pè ọ́ tán, ìrẹsì ti di èédú."

Ayọ̀ ni ọmọ náà ń jẹ́.

Rájì ló yẹ kó kìlọ̀ fún ìyàwó rẹ̀, nítorí orúkọ tirẹ̀ gan-an ni àpẹẹrẹ burúkú tí wọ́n fi ń kọ́ wa. Bàbá rẹ̀ ni Múfútàú, tí a ń pè ní Bàbá Mùfú, olórí ilé wa báyìí. Wọ́n ga, wọ́n ń rán fìlà, wọn ò sì gbà rí pé àwọn ṣe àṣìṣe. Nígbà tí wọ́n bí àkọ́bí wọn ọkùnrin, wọn ò gbé orúkọ dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn rárá. Wọ́n kàn kéde níwájú Ààfáà pé Rájì ni. Rájì sì ni orúkọ Bàbá Àgbà, ọkọ Ìyá Àgbà, tí wọ́n wà láàyè, tí wọ́n jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń fi inú dídùn jẹ ẹ̀wà.

Ilé wa ṣì ń tẹ̀lé àṣà àtijọ́ kan. Ìyàwó ilé kì í fi orúkọ pe ẹni tó ti wà nílé kó tó wọlé, ká má tíì wá sọ ti bàbá ọkọ. Bó ṣe di pé kò sí ìyàwó kan tó lè ya ẹnu pe ọmọ náà nìyẹn, títí kan ìyá tó bí i, títí kan Ìyá Àgbà alára. Ìyàwó mẹ́fà ló wà nílé nígbà náà, kálukú sì wá orúkọ tirẹ̀. Ọ̀kan ń pè é ní Akọ̀wé, ọ̀kan ní Ọkọ Mi, ọ̀kan ní Arẹwà, ọ̀kan ní Alága. Ìyá tó bí i ń pè é ní Bàbá Kékeré. Ìyá Àgbà ń pè é ní Ìwọ-Yìí. Mo ní gbogbo rẹ̀ lákọsílẹ̀.

Ọjọ́ tí ọmọ náà kọ́kọ́ lọ sílé ìwé, tíṣà pe "Rájì." Ó jókòó jẹ́jẹ́. Tíṣà tún pe "Rájì!" Ó wo ẹ̀yìn, ó wo ilẹ̀kùn, ó wá dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Bàbá Àgbà ò wá síléèwé lónìí, mà. Wọ́n ń sùn."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìyá Àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n pe Bàbá Mùfú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ọmọdé, wọ́n sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo tí Bàbá Mùfú ò tíì dáhùn títí dòní.

"Múfútàú, o fi orúkọ ọkọ mi sọ ọmọ. Tó bá da ata sílẹ̀, ta ni kí n gbá létí?"

Ẹ má wá rò pé ẹni jẹ́jẹ́ ni wọ́n o. Ìjà wọn pẹ̀lú Ìyá Sílífà, aládùúgbò wa lódìkejì ọ̀nà, ti wà kí wọ́n tó bí mi. Okùn ìsáṣọ ló dá a sílẹ̀. Omi kán látara aṣọ Ìyá Àgbà sórí èlùbọ́ tí Ìyá Sílífà sá sóòrùn. Ìyá Sílífà wà nínú oyún kejì lákòókò náà, wọ́n sì ń sọ kiri àdúgbò pé orúkọ tí àwọn máa sọ ọmọ yìí máa fún ẹnì kan lésì. Ìyá Àgbà gbọ́. Wọ́n sọdá ọ̀nà, ìgbà kan ṣoṣo tí wọ́n sọdá lọ́dún yẹn, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà láì wọlé.

"Ọmọ yìí ò sí níbẹ̀ nígbà tí omi kán sórí èlùbọ́. Wá nǹkan mìíràn sọ lórúkọ."

Ewúrẹ́ ni nǹkan mìíràn náà. Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ ra tiwọn, dúdú, wọ́n sọ ọ́ ní Tìẹ-Lo-Mọ̀. Ọ̀sẹ̀ ò pé tí Ìyá Sílífà fi ra tiwọn, pupa, wọ́n sọ ọ́ ní Mo-Ti-Gbọ́. Lẹ́yìn ìrun alaásàrí, nígbà tí ẹran bá ń wọlé, Ìyá Àgbà á bọ́ síta. "Tìẹ-Lo-Mọ̀! Tìẹ-Lo-Mọ̀ o!" Ohùn á dáhùn lódìkejì, "Mo-Ti-Gbọ́! Ṣebí mo ní Mo-Ti-Gbọ́!" Àlejò tó bá ń kọjá lọ sí Bẹẹrẹ á dúró, á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má jà. Àwọn ewúrẹ́ á máa jẹ èèpo iṣu lọ ní tiwọn. Àwọn ọmọ ilé méjèèjì náà sì ń ṣeré pọ̀, nítorí kò sí ìkankan nínú wọn tí orúkọ rẹ̀ ń bú ẹnikẹ́ni. Bọ́láńlé ni ọmọ inú oyún yẹn, òun sì ni ọ̀rẹ́ bàbá mi tó sún mọ́ ọn jù.

Ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, Ìyá Sílífà pa Mo-Ti-Gbọ́ nígbà Iléyá. Wọ́n fi orí rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìyá Àgbà nínú abọ́ tí wọ́n fi aṣọ bò dáadáa. Ìyá Àgbà sè é nínú ìṣaasùn wọn tó dára jù, wọ́n jẹ ẹ́ dé egungun, wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n wá lọ dúró síwájú ilé.

"Ìyá Sílífà! Mo jẹ Mo-Ti-Gbọ́ o! Ahọ́n rẹ̀ nìkan ló kún ìkòkò!"

Bàbá mi ní àwọn gbọ́ ẹ̀rín láti òdìkejì ọ̀nà. Ìyá Sílífà nìkan náà ló kù láyé yìí tó ń fi orúkọ àbísọ pe Ìyá Àgbà. Ìyábọ̀ ni orúkọ náà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí mò ń bá wọn to ìkòkò ni wọ́n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Ìyábọ̀ yìí fún mi. Ìyá tó bí bàbá wọn kú, oṣù ò sì tíì pé tí wọ́n fi bí wọn ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Gbogbo ẹbí ní ìyá ti padà dé. Láti ọjọ́ náà ni wọn ò ti rí àyè ṣe ọmọdé. Bí wọ́n bá fẹ́ ta òkòtó pẹ̀lú ẹgbẹ́ wọn, àgbà kan á ní Ìyá ò ṣeré báyìí nígbà ayé wọn. Ọbẹ̀ gbúre tí ìyá yẹn fẹ́ràn ni wọ́n ń bù fún wọn, wọ́n sì kórìíra gbúre. Bàbá wọn ń pè wọ́n ní Ìyá mi, kì í nà wọ́n, kì í bá wọn wí. Ó ń gbé àwọn àbúrò wọn séjìká káàkiri àgbàlá, ṣùgbọ́n kò gbé wọn rí. Wọ́n ní àwọn bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí Ìyá òun má bínú, òun ò lè gbé Ìyá òun séjìká.

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ìkòkò tó wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò rántí gbé e sílẹ̀.

"Àkànní, wọ́n sọ mí di ìyá àgbà kí n tó hu eyín. Ní báyìí tí mo wá dà á lóòótọ́, ó ti sú mi."

Lọ́yẹ́ tó kọjá, wọ́n ní kí n mú fóònù mi jáde kí n tẹ ibi tó ń gba ohùn sílẹ̀. Mo ṣì ní i, mo sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an: "Ẹ̀yin ọmọ mi, èmi ìyá yín ni. Tí mo bá lọ, ẹ ò gbọdọ̀ torí mi sọ ọmọ kankan ní Ìyábọ̀. Ẹ ò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ ní Yétúndé kẹ́ ẹ wá ní mi ò dárúkọ ìyẹn. Mi ò tíì fẹ́ padà wá. Mo ní àwọn tí mo fẹ́ kí lọ́hùn-ún, mo sì fẹ́ na ẹsẹ̀. Ọmọ tẹ́ ẹ bá bí, ẹ jẹ́ kó ṣe ọmọ. Múfútàú, ìwọ ni mò ń bá wí jù. Àkànní, ó ti tó, pa á, kó má jẹ dátà."

Mo fi í sórí Wásáàpù ẹbí. Bàbá Mùfú fi àtàǹpàkò tó nà sókè dáhùn.

Ìyá Àgbà lọ ní àárọ̀ ọjọ́ Alàmísì, lẹ́yìn tí wọ́n ti mu ẹ̀kọ tán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ṣadé ìyàwó mi bí ọmọ sí ọsibítù kan ní Yemẹtu. Nọ́ọ̀sì jáde, ó ní obìnrin ni. Kí n tó rí ọmọ náà sójú, Bàbá Mùfú ti ká ọwọ́ méjèèjì sókè ní kọ́rídọ̀: "Ìyábọ̀ dé! Ìyá mi ti dé!"

Bí a ṣe délé, àwọn obìnrin ń kúnlẹ̀ kí ọmọ. Wọ́n ń bi í bí ọ̀nà ṣe rí. Bàbá Mùfú ń wá láràárọ̀, wọ́n á ṣí fìlà: "Ẹ káàárọ̀, Ìyá mi. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Mo rán wọn létí ohùn tó wà lórí fóònù. Wọ́n ní, "Àkànní, mo gbọ́ ọ. Ìyá sọ ọ̀rọ̀ yẹn nígbà tó rẹ̀ wọ́n. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti ń sinmi."

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Mo máa ń wo iwájú orí ọmọ náà, mo sì ń rí tiwọn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ti dá wáí. Mo rò ó pé tí n bá pe Ìyábọ̀ tí ẹnì kan sì dáhùn, kò ní dá wáí mọ́. Èmi tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ òfin náà sílẹ̀ ni mo ń wá ọ̀nà tí mo máa gbà rú u.

Ṣadé ló là á mọ́lẹ̀ fún mi. Ó ti mú Ọmọ́wùmí lórúkọ ọmọ láti inú oyún. Ní ọjọ́ keje, nígbà tí àwọn tó wá kí wa lọ tán, ó gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́, aṣọ rẹ̀ tutù rinrin.

"Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń kúnlẹ̀ fún un. Ó ti tọ̀ sára láti àárọ̀ náà, kò sẹ́ni tó pààrọ̀ ìdí rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ní òfin nínú ìwé. Ẹ kan orúkọ méjèèjì ká gbọ́."

Lẹ́yìn ìrun alaásàrí, Rájì sọ̀kalẹ̀ lọ sídìí kànga. Bàbá Mùfú jókòó sórí àpótí Ìyá Àgbà láàárín àwọn ìkòkò tó ṣẹ́ kù. Ṣadé gbé ọmọ dání. Èmi dúró níbi tí wọ́n máa ń dúró sí.

Mo pe Ìyábọ̀ jẹ́jẹ́. Mo pè é bí ẹni tó fẹ́ rán ọmọ níṣẹ́, àwọn tó ń gúnyán lágbàlá dá ọmọ odó dúró. Ó wá ku ìpè ìbínú. Mo ya ẹnu, nǹkan kan ò jáde. Mo tún gbìyànjú.

"Pè é!" ni Bàbá Mùfú wí.

"Ẹ bá mi pè é, sà."

Wọ́n dìde, wọ́n tún fìlà ṣe, wọ́n fa èémí sínú. "Ìyá..." Ẹnu wọn dúró níbẹ̀. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún dúró lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá rẹ̀, kò lè jágbe mọ́ ìyá rẹ̀.

A gbọ́ ọ̀pá lórí sìmẹ́ńtì. Ìyá Sílífà ti sọdá ọ̀nà, wọn ò wọ bàtà, ìborùn wọn ń wọ́lẹ̀.

"Ta ló ń pe Ìyábọ̀? Ṣé ó ti dé ni?"

Gbogbo wa yí ojú sí àpótí náà. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Kò sì sí ẹnì kan nínú wa, títí kan èmi bàbá rẹ̀, tó wo ọ̀dọ̀ ọmọ tó wà lọ́wọ́ Ṣadé. Ìgbà yẹn ló yé mi. Ẹlòmíràn ni a ń pè. Bí a bá sì fún ọmọ yìí ní orúkọ náà, bí a ó ṣe máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ wá ẹlòmíràn títí ayé rẹ̀ nìyẹn.

Ìyá Sílífà fi etí ìborùn nu ojú. "Ó sọ fún yín pé òun ò tíì fẹ́ wá. Ẹ̀yin ọmọ rẹ̀ yìí ò gbọ́ràn rí."

Ṣadé ò dúró dè mí. Ó bọ́ síwájú, ó pe Ọmọ́wùmí jẹ́jẹ́. Ó pè é bí ẹni tó fẹ́ rán an níṣẹ́. Ó wá jágbe mọ́ ọn bí ẹni tí ọmọ fọ́ gbogbo àwo ilé. Ọmọ náà ta gìrì, ó figbe ta.

"Ó dún!" ni Rájì ké láti ìsàlẹ̀.

"Ìyá Ọmọ́wùmí," ni Ìyá Sílífà wí, wọ́n ti jókòó sórí àpótí, "bu omi fún mi."

Ìpè kẹrin nìyẹn. Bàbá Mùfú wọlé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ààfáà pe ọmọ ní Mọ̀ríámọ̀, ó pè é ní Ọmọ́wùmí. Bàbá Mùfú ṣe àmín, wọ́n sì jẹun yó.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fa ewúrẹ́ kan wọlé, funfun, etí rẹ̀ kan dúdú. Mo bi wọ́n bóyá ti Iléyá ni. Nígbà tí wọ́n kírun alaásàrí tán, wọ́n wá dúró gan-an lábẹ́ fèrèsé yàrá wa. "Ẹ-Ò-Gbọ́-Tèmi! Ẹ-Ò-Gbọ́-Tèmi o!" Lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn ni ewúrẹ́ náà wà tó ń jẹ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo gbọ́ ẹ̀rín Ìyá Sílífà láti òdìkejì.

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá pè é tán, wọ́n á yọjú wọ fèrèsé, ohùn wọn á rọ̀. "Ọmọ́wùmí ńkọ́? Ṣé ó ti jí?"

Lánàá, wọ́n gbà á lọ́wọ́ Ṣadé, wọ́n gbé e séjìká, wọ́n fi ọwọ́ kan gbá ẹ̀yìn rẹ̀ mú, wọ́n fi èkejì fa ewúrẹ́, wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ sídìí kànga. Mo wà lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń to àwọn ìkòkò Ìyá Àgbà. Ó tó ìṣẹ́jú mélòó kan kí n tó gbọ́ ohùn Bàbá Mùfú láti ìsàlẹ̀.

"Ọmọ́wùmí! Ọmọ́wùmí, o ti tọ̀ sí mi lágbádá!"

Ẹsẹ̀ mọ́kànlélọ́gọ́ta. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ ketekete. Mo gbé ìkòkò ọwọ́ mi sílẹ̀, mo sì dáhùn láti òkè pé, "Ó dún!"